Sàídì Tẹ́lọ̀ àti Fìlà tí Etí Rẹ̀ Kò Dọ́gba

Ní ilé Alhaji Gàrúbà ní Àpòmù, kò sẹ́ni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Sàídì ni gbogbo wọn ń wò.

Tẹlifíṣọ̀n ọ̀hún wà níbẹ̀ o. Dúdú-àti-funfun ni, ó sanra, ó ní ilẹ̀kùn onígi méjì bíi ti kọ́bọ́ọ̀dù. Alhaji tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ló ni ín, òun nìkan ló sì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kírun Màgáríbì tán, Alhaji á ṣí i, á yí ojú rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ogún èèyàn ó lé á sì jókòó sórí àga, sórí àpótí, sórí ẹní. Sàídì á wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á gbé ọwọ́ lé e lórí bí ẹni tó ń fi ọmọ rẹ̀ han àlejò. Tí aago méje bá lù, oníròyìn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Gẹ̀ẹ́sì, Sàídì á máa sọ ọ́ ní Yorùbá, gbogbo ojú á sì lẹ̀ mọ́ ẹnu Sàídì. Àwòrán á máa kọjá lẹ́yìn rẹ̀ bí ọkọ̀ tí kò gbé ẹnikẹ́ni wá.

Ẹni tó bá fẹ́ béèrè ìdí tí wọn kò fi dúró de ìròyìn Yorùbá kò tíì mọ Alhaji. Àkókò ìrun Ìṣáì ni ìròyìn Yorùbá máa ń bọ́ sí, Alhaji sì ti dé Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì, kò ní torí tẹlifíṣọ̀n pa ìrun tì. Yàtọ̀ sí èyí, ká sòótọ́ ọ̀rọ̀, ìròyìn Yorùbá kò dùn tó ti Sàídì.

Tẹ́lọ̀ ni Sàídì. Ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìkirè, kò fẹ̀ ju ibi tí èèyàn lè na ẹsẹ̀ sí lọ, máṣíìnì rẹ̀ sì dàgbà ju Àṣíáwù ìyàwó rẹ̀ lọ. Ká má purọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ́. Bó bá rán ṣòkòtò fún ọ, ẹsẹ̀ kan lè dorí kọ Gbọ̀ngán kí èkejì máa lọ sí Ìbàdàn. Àwọn tó ń gbé aṣọ fún un, torí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ka ìwé mẹ́fà, ó tún lo ọdún méjì ní ilé ìwé mọ́dà kí owó tó tán lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ìyẹn ló sì sọ ọ́ di akọ̀wé ìdajì ìlú. Òun ló ń bá wọn kọ lẹ́tà, òun ló ń bá wọn kà á, òun ló ń kọ àdírẹ́sì sára àpò lẹ́tà, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì gún régé ju aṣọ tó ń rán lọ.

Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: nǹkan burúkú kì í gba ẹnu rẹ̀ jáde. Kì í ṣe òpùrọ́ láti inú wá. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, wọ́n rán an lọ sí ọjà kó lọ pe ìyá kan tó ń ta epo pupa, kó sọ fún un pé wọ́n ń pè é nílé. Ohun tí wọ́n ní kó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbàlagbà ló ń túfọ̀, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é: àgbàlagbà náà á kí ọ, á jókòó, á bèèrè omi, á bèèrè àwọn ọmọ, á ní ara bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ le, á ní ó ti ń rẹ̀ wọ́n láti àná, títí ìwọ fúnra rẹ á fi mọ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀. Sàídì sáré débẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀, bàbá yín ti kú." Ìyá elépo ṣubú lu garawa, epo dà sílẹ̀ lọ títí dé ìdí àwọn aláta, èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì gbá Sàídì létí kó tó rí ọ̀nà ilé. Láti ọjọ́ náà ló ti pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ohun tó le lẹ́nu òun mọ́.

Ẹ̀jẹ́ yìí ló wá gbé dé iwájú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí ìjọba fi owó lé epo mọ́tò, Sàídì ní ìjọba ń kí gbogbo awakọ̀ pé wọ́n kú iṣẹ́ ọdún. Nígbà tí náírà já wálẹ̀, ó ní owó wa ti gbéra lọ sí ìlú òyìnbó, wọ́n sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí ogun ń jà ní ilẹ̀ Lárúbáwá, tí iná ń sọ lálá lójú tẹlifíṣọ̀n, ó ní àwọn ọmọ ìyá kan ń yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀, pé wọ́n máa parí rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀.

Ohun kan wà tó máa ń ya Sàídì lẹ́nu. Lọ́jọ́ kejì irú ìròyìn dídùn bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin àdúgbò á ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti lọ ra kẹrosíìnì àti gààrì pamọ́. Ó máa ń sọ fún Àṣíáwù pé ìròyìn rere a máa fún èèyàn lágbára láti ṣiṣẹ́. Àṣíáwù á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Nàfísátù," á sì gbé gálọ̀nù rẹ̀ jáde.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèwùmí, olùkọ́ kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni mu omi, háyà yàrá ládùúgbò náà nígbà kan. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó dìde, ó ní ohun tí Sàídì ń sọ kọ́ ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní kó wá túmọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Ó túmọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, gbogbo ohun tó sọ pátá ló jẹ́ òótọ́, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ń yán. Bàbá arúgbó kan ní ìròyìn tíṣà kò níyọ̀. Wọ́n dá Sàídì padà sí àyè rẹ̀, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n gbé Ọ̀gbẹ́ni Oyèwùmí lọ sí Gbọ̀ngán, níbi tí a gbọ́ pé wọ́n ti fẹ́ràn òótọ́ díẹ̀.

Nínú gbogbo àwọn tó ń wá jókòó níbẹ̀, ẹnì kan wà tó ń bá Sàídì jà tí kì í sì í pa ibẹ̀ jẹ. Sàlámọ̀tù ni, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Ṣàmsú. Opó ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Dòdò ló ń dín lójú títì ní Ìkirè, dòdò dúdú aláta tí àwọn èrò ọkọ̀ máa ń na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé rà. Dòdò yìí ló fi tọ́ ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un, Ṣàmsúdéènì, títí ọpọlọ ọmọ náà fi gbé e dé yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, tí ìjọba ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ohun tó fa ìjà kò ju fìlà lọ. Nígbà tí Ṣàmsú fẹ́ lọ lọ́dún 1988, ìyá rẹ̀ mú aṣọ òfì kékeré kan jáde látinú àpótí, ẹyọ kan tó kù nínú èyí tí bàbá ọmọ náà wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Ó ní kí Sàídì fi rán fìlà abetí-ajá fún un, fìlà tó ní etí méjì tí èèyàn lè dá dúró sókè, tó sì lè fà wálẹ̀ bo etí bí òtútù bá ń mú. Aṣọ náà tó fìlà kan géérégé, kò sí ìrépé kan lẹ́yìn rẹ̀. Sàídì ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́. Nígbà tó rán an tán, etí ọ̀tún fi ìka mẹ́ta gùn ju etí òsì lọ. Aṣọ ti tán, ọkọ̀ Èkó ń fọn fèrè níta, ọmọ sì dé e bẹ́ẹ̀ lọ.

Odidi ọdún mẹ́ta ni Ìyá Ṣàmsú fi sọ ọ̀rọ̀ etí. Bó bá ń ti Ìkirè bọ̀, á dúró níwájú ìsọ̀, á wo ohun tó wà lórí máṣíìnì, á ní, "Sàídì, ṣé o ti wọn ti èyí?" Bí wọ́n bá ń gé ẹran ọdún, á ní kí wọ́n má fún Sàídì lọ́bẹ. Ó búra pé Sàídì kò tún ní rán nǹkan fún òun mọ́, ìbáà ṣe áńkáṣíìfù. Síbẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, á gbé lẹ́tà Ṣàmsú wá kí Sàídì bá a kà á, á tún jókòó kó bá a kọ èsì. "Ọwọ́ rẹ ni kò dáa," ló máa ń wí, "ojú rẹ ò ṣe nǹkan kan." Sàídì á kọ orúkọ yunifásítì náà sára àpò lẹ́tà, orúkọ gígùn tó rí bákan lẹ́nu, ó sì ti kọ ọ́ títí tó fi lè dijú kọ ọ́. Nínú gbogbo Àpòmù, òun nìkan ló mọ orúkọ yẹn. Ìyá Ṣàmsú fúnra rẹ̀, Amẹ́ríkà ló mọ̀.

Ó wá di ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ kan nínú ọyẹ́, lọ́dún tí wọ́n fa Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yọ lára Ọ̀yọ́. Ètè gbogbo èèyàn ti gbẹ, inú wọn sì ń dùn, torí iná kò tíì lọ láti àárọ̀. Ìyá Ṣàmsú wà lórí àpótí níwájú, ó ń pa ẹ̀pà jẹ. Sàídì ti túmọ̀ ìròyìn ilé tán, ó ti sọ pé àwọn aṣojú tuntun ní Òṣogbo ń jẹun dáadáa, èyí tó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Ìròyìn òkèèrè bẹ̀rẹ̀. Oníròyìn dárúkọ Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ yunifásítì kan.

Ọwọ́ Sàídì já bọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Láti ọdún tó ti ń túmọ̀, ìlàjì ló máa ń gbọ́, á fi ọgbọ́n dí ìlàjì yòókù. Lọ́jọ́ yìí nìkan ló gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan. Ọkùnrin kan gbé ìbọn wọ inú kíláàsì, ó sì yìn ín. Èèyàn márùn-ún ti kú. Wọn kò tíì dárúkọ wọn.

Ìyá Ṣàmsú ní, "Sàídì, kí ni wọ́n wí?"

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò fún Sàídì. Tẹlifóònù tó sún mọ́ wọn jù wà ní Ìbàdàn, kò sì sẹ́ni tó ní nọ́mbà Ṣàmsú. Lẹ́tà ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dé. Ọmọ kan ṣoṣo ni, ìyá rẹ̀ ló ń bi í léèrè yìí pẹ̀lú èèpo ẹ̀pà lórí itan.  Ó la ẹnu, ohun tó wà níbẹ̀ láti ọmọ ọdún mọ́kànlá ló sì jáde.

"Wọ́n ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ń ṣe ayẹyẹ."

"Ayẹyẹ kí ni?"

"Wọ́n fi ọ̀gá tuntun jẹ níbẹ̀."

Alhaji Gàrúbà na ọrùn. Ó ní, "Àwọn ọlọ́pàá tí mò ń wò lẹ́yìn rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wá darí ọkọ̀ ni, Alhaji. Èrò pọ̀ jù."

"Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn mà ń sáré."

Sàídì bojú wẹ̀yìn. Lóòótọ́ ni wọ́n ń sáré. "Eré ìje ni," ó ní. "Ó máa ń wà nínú ayẹyẹ wọn. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní máa gba màlúù."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ dàrú. Bàbá arúgbó tó sọ ọ̀rọ̀ iyọ̀ níjọ́sí bèèrè bóyá odidi màlúù ni. Sàídì ní odidi ni, màlúù Amẹ́ríkà, tó ga ju tiwa lọ ní ìgbọ̀nwọ́ méjì. Ẹnì kan ní kí ni akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ fi màlúù ṣe nínú yàrá. Sàídì ní wọ́n ní ibi tí wọ́n ń so ó sí. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ẹ̀rín ń pọ̀ sí i, bí ẹ̀rín ṣe ń pọ̀ sí i ni òógùn ń bo Sàídì nínú ọyẹ́, débi tí bùbá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó ń sọ ti ìbaaka kan tó bá wọn sáré tó ṣe ipò kejì, kò mọ̀ pé òun ti sún títí, pé òun ti fi ara bo ojú tẹlifíṣọ̀n.

Kò sẹ́ni tó ń bèèrè tó Ìyá Ṣàmsú. Kò rẹ́rìn-ín púpọ̀, àmọ́ ó ń bèèrè. Ta ló fún wọn ní màlúù? Ṣé àwọn obìnrin náà ń sá eré ìje? Ṣé yìnyín nìyẹn nílẹ̀? Bó ṣe ń bèèrè ló ń fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ iwájú, díẹ̀díẹ̀, èèpo ẹ̀pà ń bọ́ sílẹ̀.

"Sàídì, kí ni wọ́n gbé jáde lórí nǹkan gbọọrọ yẹn, tí wọ́n faṣọ bò?"

Sàídì wò ó. Gbogbo màlúù tó kù nínú rẹ̀ sá lọ. Ó ní, "Ẹrù ni." Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. Nínú gbogbo irọ́ tó ti pa níbẹ̀, èyí nìkan ló dùn ún.

"Sún," ni Ìyá Ṣàmsú wí.

"Ẹ jókòó, Ìyá Ṣàmsú, ó ti fẹ́ẹ̀ tán."

Ìyá Ṣàmsú dìde. Ọwọ́ kan tó fi ń dín dòdò láti ọgbọ̀n ọdún ló fi gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́, tẹ́lọ̀ wa sì ṣubú jókòó sílẹ̀. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fi imú kan gíláàsì, ó sì na ìka kan sí i. "Ẹ wá wò ó," ó ní. "Ẹ wá wo etí."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tò sínú yìnyín, wọ́n da búláńkẹ́ẹ̀tì bo èjìká. Ọ̀kan nínú wọn ga, ó dúdú, ó di òyìnbóbìnrin kan tó ń sunkún mú, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Fìlà wà lórí rẹ̀. Ó ti fa etí fìlà náà wálẹ̀ nítorí òtútù. Etí ọ̀tún dé àgbọ̀n rẹ̀. Etí òsì kò bo ohun tí Ọlọ́run ní kó bò. Àwòrán náà dúró fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè ka Fátíhà kan, ó sì kọjá.

"Etí tí Sàídì gé bàjẹ́ nìyẹn," ni Ìyá Ṣàmsú wí. "Ọmọ mi nìyẹn. Ọmọ mi dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì."

Àfi bí ẹni pé wọ́n da agbo oyin sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo wọn ló dìde lẹ́ẹ̀kan náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ wọ́n sì wo tẹlifíṣọ̀n. Alhaji Gàrúbà, tí kò jẹ́ kí ọmọ bíbí inú rẹ̀ fọwọ́ kàn án, ń lu orí tẹlifíṣọ̀n gbàgbà pé kó dá Ṣàmsú padà. Bàbá arúgbó ń jó láìsí ìlù. Ẹnì kan ṣáà ń pariwo pé ọmọ Àpòmù ló wà nínú àpótí yìí. Sàídì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí wọ́n gbá a sí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, omi imú rẹ̀ kò mọ èyí tó máa tẹ̀ lé.

Alhaji rí i. Ó ní, "Tẹ́lọ̀, ṣé nítorí pé Ṣàmsú ò gba màlúù ni?"

Ìyá Ṣàmsú rọra jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára ìró. "Sàídì," ó ní, "mélòó ni wọ́n pa?"

Ariwo lọ sílẹ̀ níbi gbogbo.

"Ẹ mọ̀?" ni Sàídì wí.

"Lọ́jọ́ tí o ní ìjọba ń kí àwọn awakọ̀, gálọ̀nù kẹrosíìnì méjì ni mo rà. Lọ́jọ́ tí o ní owó wa rìnrìn àjò, àpò gààrì kan ni mo gbé wọlé. Bí ìròyìn rẹ bá ṣe ń dùn tó la fi ń mọ bó ṣe burú tó. Lónìí o fi màlúù sí i. Nígbà tó o ní ìbaaka ṣe ipò kejì, mo ní ó parí, ọmọ mi lọ̀rọ̀ náà kàn."

"Kí ló dé tí ẹ wá ń bi mí léèrè?"

"Kí o lè máa sọ̀rọ̀ lọ ni. Bí o bá ṣì ń sọ̀rọ̀, o ò tíì túfọ̀ fún mi. Èmi sì ń wá fìlà."

Sàídì gbójú sókè. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ ń tún gèlè wọn so, bẹ́ẹ̀ gèlè kankan kò tú. Ó wá ojú ìyàwó rẹ̀ títí ó fi rí i. "Àṣíáwù, ìwọ náà?"

Àṣíáwù ní, "Bàbá Nàfísátù, ṣé kẹrosíìnì ti tán nílé wa rí?"

Ìgbà náà ni Sàídì nu ojú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ, láìfi nǹkan kan kún un. Ọkùnrin kan, ìbọn, kíláàsì, èèyàn márùn-ún. Bó ṣe parí rẹ̀ ló di ojú, ó ń retí ìgbátí. Ẹnikẹ́ni kò gbá a. Alhaji ka Ìnnálíláhì, gbogbo wọn sì kà á tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n kírun Ìṣáì tán, wọ́n ṣàdúrà fún àwọn márùn-ún tí wọn kò mọ orúkọ wọn. Ìyá Ṣàmsú ló pẹ́ jù lórí ẹní. Nígbà tó dìde, ó ní, "Ìyá márùn-ún ń bẹ níbì kan tí wọn ò rí fìlà." 

Ṣùgbọ́n ayọ̀ kò ṣeé dì mọ́nú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, Ìyá Ṣàmsú ti wà lójú títì ní Ìkirè, ó ń fún àwọn awakọ̀ ní dòdò lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń fi ọwọ́ méjì júwe etí fún wọn, ọwọ́ ọ̀tún nísàlẹ̀, ọwọ́ òsì lókè. Ìròyìn náà bá ọkọ̀ lọ sí Gbọ̀ngán. Nígbà tó fi máa padà dé Àpòmù ní ìrọ̀lẹ́, Ṣàmsú ti fi fìlà gba ìbọn lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ààrẹ Amẹ́ríkà sì ti ní kí wọ́n bá òun rán irú rẹ̀. Ẹni tó bínú dìde tún un ṣe ni Sàídì. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó ní kí wọ́n yéé fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí èèyàn kú nínú rẹ̀. Ẹnu ya gbogbo wọn, ó tiẹ̀ ya òun náà.

Lẹ́tà Ṣàmsú dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ìyá rẹ̀ jókòó nínú ìsọ̀, Sàídì sì kà á fún un láti òkè délẹ̀. Ilé ìkàwé tó wà lódìkejì kíláàsì náà ni Ṣàmsú wà lọ́jọ́ náà. Ó sáré jáde láì mú kóòtù, fìlà nìkan ló wà lórí rẹ̀. Ó mọ ọ̀kan nínú àwọn tó kú. Olùkọ́ rẹ̀ ni, ó sì sunkún rẹ̀ gidi. Ó ní kí ìyá òun má dààmú. Nísàlẹ̀ pátápátá ló kọ ọ́ pé, "Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Tẹ́lọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé bí mo bá ń lọ sí kíláàsì, etí ọ̀tún mi ló máa ń móoru. Bí mo bá ń bọ̀, mo máa ń yí fìlà náà padà kí etí òsì lè rí tirẹ̀ jẹ."

Ìyá Ṣàmsú rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹsẹ̀ máṣíìnì mú. Nígbà tó sinmi, ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó mú aṣọ òfì tuntun kan jáde, ó tẹ́ ẹ síwájú Sàídì.

"Rán fìlà sí i fún un," ó ní.

 Ọdún mẹ́ta ni Sàídì ti ń retí aṣọ yìí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ṣòkòtò, ó fa téèpù yọ, ó wọn etí ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì, ó wọn etí òsì lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí méjèèjì, wọ́n dọ́gba bí ìbejì. Ó gbé àlùmọ́gàjí. Ìyá Ṣàmsú na ọwọ́, ó fi bo ìlà náà.

"Fi ìka mẹ́ta kún ti ọ̀tún."

"Ìyá Ṣàmsú, Ọlọ́run ló gbọ́, mo lè rán an kó dọ́gba báyìí."

"Mo mọ̀ pé o lè rán an," ni Ìyá Ṣàmsú wí. "Bó bá dọ́gba, báwo ni màá ṣe mọ̀ ọ́n?"

Sàídì fi àtẹ́lẹwọ́ nu ṣọ́ọ̀kì nù, ó tún ìlà fà.